Koríko Òkun Inú Kúlà Pupa

Ọjọ́ Sátidé ni, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo gbé kúlà méjì wọ ilé ìyá mi ní ìlú Oǹdó. Mo mọ àkókò náà dájú nítorí pé mo kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́dún yẹn, kò sí ohun tí n kì í kọ sílẹ̀. Bí mo bá mu omi, ó kù díẹ̀ kí n kọ wákàtí tí mo mu ún. Kúlà kan pupa, èkejì búlúù. Koríko òkun ló wà nínú méjèèjì, koríko aláwọ̀ ewé tó máa ń lẹ̀ mọ́ òpó àti òkúta létí òkun. Èmi fúnra mi ni mo já a láàárọ̀ ọjọ́ náà lára òpó ilé àwọn apẹja díẹ̀ tó ṣì ní in ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Mo tún pọn omi òkun sínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Láti Igbókòdá títí dé Oǹdó ni awakọ̀ fi ń bi mí bóyá omi ti tán ní Àkúrẹ́ ni.

Ọdún tí mo fẹ́ parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ ni. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi dá lórí ìbéèrè kan péré: bí omi òkun bá ń móoru sí i, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí koríko yìí? Ọmọ ilẹ̀ kòkó ni mí. Títí di ọdún yẹn, ojú mi ò kan òkun rí. Baba apẹja tó gbà mí lálejò sọ fún mi pé nígbà òun lọ́mọdé, bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kan òpó iwájú ilé òun, yíyọ̀ ni yóò yọ̀ ṣubú, nítorí pé koríko bò ó, inú koríko náà sì ni àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. “Wò ó báyìí,” ó ní, ó fi èékánná họ igi gbígbẹ. “Omi ń gbóná mọ́ wa lẹ́sẹ̀ láàárọ̀. Bá wa sọ fún wọn ní Àkúrẹ́.” Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, “A kò tíì fìdí èyí múlẹ̀.” Ọkùnrin tó ti ń wọ òkun kí wọ́n tó bí ìyá mi, èmi tí mo dé ibẹ̀ lánàá ni mo ń kọ irú èyí sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń kánjú. Bí iṣẹ́ náà bá parí lásìkò, èmi àti ẹgbẹ́ mi la jọ máa lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Bí kò bá parí, màá fi odidi ọdún kan jókòó. Ìyá mi, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó dá nìkan tọ́ mi, ti rán aṣọ ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi, ó sì ti fi han gbogbo àdúgbò.

Àárẹ̀ ìrìn àjò mú mi. Mo gbé kúlà méjèèjì sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí òòrùn kò dé, mo sì sùn. Nígbà tí mo jí, ìyá mi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ méjì ń rẹ́rìn-ín ní yàrá àlejò. Mo kí wọn, mo kọ wákàtí tí mo jí sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ń sùn, n kò kọ ọ́, nítorí n kò mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo kó ẹrù mi lọ sí Àkúrẹ́. Àpótí gíláàsì méjì ni wọ́n fún mi ní ilé àyẹ̀wò. Mo da omi òkun sínú méjèèjì, mo sì fi irin amómigbóná kékeré sínú ọ̀kan. Koríko inú kúlà pupa ni mo kó sínú omi gbígbóná, mo kó ti kúlà búlúù sínú èyí tí a kò mú gbóná. Lójú mi, ètò tó mọ́ gbáà ni. Wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì pé kí a kọ́kọ́ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí a tó pín in. Mo ti kọ èyí náà sílẹ̀. Ìwé wà níbẹ̀, èmi ni n kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, koríko inú omi gbígbóná ti jẹrà, ó ń rùn. Ti inú àpótí kejì tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi pe àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ etíkun lóṣù tó ń bọ̀ ní Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, pé èmi ni màá dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀. “Ọjọ́ mẹ́ta péré!” ó ní. “Irú èyí ni wọ́n ń gbọ́ tí etí wọn ń dìde.”

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo lọ kí ìyá mi. A ń jẹun lọ́wọ́ ni ó béèrè.

“Ẹ̀fọ́ yín yẹn ńkọ́? Ṣé ọ̀gá yín gbádùn rẹ̀?”

“Màámi, wọn kì í jẹ ẹ́ o. A fi ń ṣe àyẹ̀wò ni.”

“Ẹ ò jẹ ẹ́? Èmi tí mo fi omi mẹ́ta ṣàn án! Iyanrìn ara rẹ̀ tó iyanrìn tí wọ́n fi ń kọ́lé. Mo tún bu iyọ̀ díẹ̀ sí omi tí mo fi rẹ ẹ́, kí kòkòrò lè jáde. Ọmọ tí mo tọ́ dáadáa, ó fẹ́ gbé ẹ̀fọ́ oníyanrìn fún ọ̀gá rẹ̀!”

Òkèlè dúró lọ́wọ́ mi. “Èwo lẹ fọ̀, mà?”

“Èyí pupa. Mo fẹ́ ṣí èkejì ni àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wọlé.”

“Omi wo lẹ fi rẹ ẹ́?”

“Omi kànga. Inú rẹ̀ náà ni mo fi í sílẹ̀ sí nínú kúlà. Omi wo ló tún wà nílé yìí?”

Koríko òkun kì í ṣe ẹ̀fọ́. Inú omi iyọ̀ ló ti ń mí. Èyí tó ti wà nínú omi kànga láti Sátidé títí di Mọ́ńdè ti ń kú lọ kí n tó gbé e dé Àkúrẹ́. N kò lè sọ mọ́ pé ooru ló pa á.

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi àwa méjèèjì. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ baba apẹja jẹ́ òótọ́, kí ooru máa pa koríko náà ní ti gidi, kí ohun tí mo bá sọ ní Alágbàká má sì jẹ́ irọ́. Èrò yìí ló dùn mọ́ mi jù, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà á gbọ́. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, títí kan ọdún kan tó lè bá a lọ.

Ó bi mí pé, “Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?”

“Rárá, mà. Èmi ni mi ò pò wọ́n pọ̀.”

“Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kù tà,” ó ní. “Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí á gbé e sílẹ̀ síbẹ̀ ká máa bọ̀ nílé. Lọ sọ fún un. Aṣọ kì í jẹrà nínú àpótí.”

Ọ̀gá mi gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “O mọ̀ pé ẹgbẹ́ rẹ á lọ, á fi ọ́ sílẹ̀?”

“Mo mọ̀, sà.”

“Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n gbọ́?”

“Àwọn ló rán mi, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. “Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣáà bá mi fi tọ̀tẹ̀ yìí sílẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀.” Ọjọ́ yẹn gan-an ló yọ ọ̀rọ̀ mi kúrò nínú ètò ìpàdé Alágbàká.

Ẹgbẹ́ mi lọ. Wọ́n ń fi fọ́tò aṣọ àgùnbánirọ̀ wọn ránṣẹ́, mo sì ń dá wọn lóhùn pé ó yẹ wọ́n. Mo padà sí etíkun. Nígbà tí mo ń bọ̀, n kò yà ní Oǹdó. Mo da koríko inú kúlà méjèèjì pọ̀ sínú agbada kan, mo pò ó, kí n tó pín in. Gbogbo ìgbà tí iná ọba bá lọ ni mo ń tan jẹnẹrétọ̀, tí mo sì ń kọ iye ìṣẹ́jú tó kọjá kí omi tó tún gbóná. Ọjọ́ kẹta dé, kò sí ohun tó ṣe é. Ọjọ́ karùn-ún, bákan náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mo ti fi ọdún kan ra òfo. Ìgbà tí mo rí nǹkan nígbẹ̀yìn, mo pe baba apẹja lórí fóònù.

“Baba, ó jọ pé òótọ́ lẹ sọ.”

“Ó jọ?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. “Ẹ ò rí ọmọ yìí! Ó jọ!”

N kò bínú. Èmi náà ti wá kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo ti sìnlú, àwọn èèyàn sì máa ń fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tó ju ẹnu mi lọ nípa òkun. N kò mọ bí omi iwájú ilé baba ti gbóná tó nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. N kò mọ̀ bóyá ooru nìkan ló lé koríko ibẹ̀ lọ, tàbí epo, tàbí ẹrẹ̀. Àpótí gíláàsì méjì kì í ṣe òkun. Ohun tí mo rí kò ju èyí lọ: láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, koríko inú omi gbígbóná ti ń funfun láti ṣóńṣó, ti inú omi tí a kò mú gbóná kò sì tíì yí àwọ̀ padà.