Ìlú Orí Òkè Nínú Pálọ̀ Wa

Kò sí ibi tí ọkọ mi dé tí kì í fi àtàǹpàkò tẹ ara ògiri. Tí a bá lọ kí èèyàn ní Duluth, kí wọ́n tó gbé omi fún wa, ó ti lóṣòó sínú balùwẹ̀ wọn, ó ń wo bí táìlì ṣe pàdé ara wọn. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní sọ fún onílé, èmi ni yóò máa sọ fún títí a ó fi dé Lithonia. Adédìran lorúkọ rẹ̀. Dádì Dárasími ni mo ń pè é, àfi tí inú bá bí mi débi pé mi ò ní pè é ní ohunkóhun.

Iṣẹ́ táìlì lílẹ̀ ló ń ṣe. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ ọ ní Iléṣà, kí a tó wá sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí a dé Atlanta, ó bá iléeṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ ní Norcross fún ọdún mọ́kànlá. Balùwẹ̀ tí àwọn yòókù ń fi ọjọ́ kan ṣe, ọjọ́ mẹ́ta ni tiẹ̀. Wọ́n ní kó máa yára, ó ní òun ń yára. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tó sọ ọ́ kò fẹ́ Adédìran. Lọ́dún tó kọjá ló fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lórúkọ ara òun. Mo ní kò burú. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ń ṣe shift wákàtí méjìlá, mo sì gbà pé ọkùnrin gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi orúkọ rẹ̀ sí. Oṣù méje kọjá, iṣẹ́ méjì péré ló wọlé, ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ ilé ìtọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìgbà yẹn ni Joanna pè. Òyìnbó ni, ní Duluth ló ń gbé. Pọ́tò ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Pọtogí tó gun òkè láti etí odò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá náà nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin báyìí, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Joanna wá ní kí ọkùnrin kan lọ́hùn-ún ya ìlú náà sórí táìlì fún òun. Ọgọ́rin táìlì ni, búlúù lórí funfun. Tí o bá mú ẹyọ kan, o ò ní mọ ohun tí o mú lọ́wọ́. Tí o bá tò wọ́n pọ̀, wàá rí odò àti ọkọ̀ ojú omi kékeré nísàlẹ̀, wàá rí ilé tó ń gun èjìká ilé lọ sókè, àti ṣọ́ọ̀ṣì tó jókòó sórí gbogbo wọn.

Ọkùnrin tó yà á ti kú. Èyí túmọ̀ sí pé tí ọ̀kan bá fọ́, ó fọ́ nìyẹn. Joanna fẹ́ kó wà lára ògiri kíṣìnnì òun kí bàálù ìyá òun tó balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè. Ó tún ní ọ̀rẹ́ òun kan ń ṣí ilé oúnjẹ ńlá, gbogbo ògiri rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lẹ táìlì sí, tí iṣẹ́ yìí bá dára, òun á júwe Adédìran fún un. Ẹ gbọ́ mi yé. Gbogbo oṣù méje tí a fi ń retí ló wà lára ògiri yẹn.

Kí ni ọkọ mi ṣe? Ó kó Pọ́tò wá sílé mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi tẹ́ ẹ sílẹ̀ pálọ̀, tó ń wọ̀n ọ́n, tó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, tó tún ń wọ̀n ọ́n. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ tí ẹsẹ̀ ń ro mí, ẹ̀bá ògiri ni mo ń gbà dé ibi fíríìjì. Dárasími ọmọ wa, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dúró lẹ́nu ọ̀nà á ní, "Dádì, ṣé mo lè tẹ odò?" Bàbá rẹ̀ á ní rárá. Mo ní, "Dádì Dárasími, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ lẹ nǹkan yìí." Ó ní ó kù díẹ̀. Ó sú mi.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sí ohun tuntun tí a kì í ta òróró sí. Mọ́tò tuntun, kọ́kọ́rọ́ ilé, ìwé ìrìnnà, èsì ìdánwò ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni. Mo ní ìgò òróró ólífì kékeré kan tí wọ́n gbàdúrà sí lọ́dún tuntun. Ní Wẹ́sìdeè, Adédìran lọ ra sìmẹ́ńtì ní Norcross. Mo wo Pọ́tò nílẹ̀, mo ní iṣẹ́ báyìí kò ṣeé fi sílẹ̀ lásán. Ó ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí mo bá ta á sí iwájú, á máa dán, á rí i, á máa ráhùn. Mo bá ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìka ya àgbélébùú sí ẹ̀yìn. "Olúwa, jẹ́ kó dúró. Má jẹ̀ẹ́ kó ṣubú." Ẹ̀yìn táìlì kì í dán bí iwájú, ó ń fa òróró mu bí búrẹ́dì. Inú mi dùn, mo ní àdúrà ti wọlé nìyẹn. Nígbà tí mo dé orí ìkọkàndínlọ́gọ́rin, òróró tán. Mo gbọn ìgò, kò sí. Ọ̀kan tó wà ní igun ìsàlẹ̀, níbi tí orí ọkọ̀ ojú omi wà, nìkan ló kù. Mo ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Mo dá gbogbo wọn padà sí àyè wọn.

Tọ́sìdeè ló lọ lẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ Fúráìdeè, bí mo ṣe ń bọ́ bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, Joanna pè. Ó ní òun fọwọ́ ti ògiri, táìlì ń rìn. Méjì ti já sínú síǹkì, ọ̀kan nínú wọn ti là sí méjì.

Mi ò sùn. Mo tẹ̀ lé ọkọ mi lọ. Láti Lithonia, lórí I-20, lórí I-285, títí a fi wọ Duluth, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo ní ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án wọn nǹkan, tí kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà dé ibi fíríìjì mi, òun náà ni táìlì rẹ̀ ń já. Mo ní ṣé ohun tó kọ́ ní Iléṣà fún ọdún mẹ́rin nìyí. Mo ní iléeṣẹ́ Norcross mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà náà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo mọ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi pé kò yẹ kó jáde. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó kàn ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ, ó ń sọ pé, "Hùn ún."

Nígbà tí a dé kíṣìnnì Joanna, ọkọ mi fi ìka kan ti táìlì, táìlì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó mú òmíràn, òun náà bọ́. Sìmẹ́ńtì dúró lára ògiri, ẹ̀yìn táìlì mọ́ fónífóní. Ó yí ẹ̀yìn ọ̀kan padà, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n láti òkè wá, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé, àtẹ̀gùn, odò, gbogbo rẹ̀ ń bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dé ọ̀kan tó wà ní igun ìsàlẹ̀. Ó fà á, kò mì. Ó ki ọ̀bẹ sí i lábẹ́, kò mì.

Èyí tí òróró kò kàn nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò ní láti sọ nǹkan kan fún mi.

Joanna ní, "Mísítà Adé, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo la ẹnu. Kí n tó rí ọ̀rọ̀, ọkọ mi ti dáhùn. Ó ní, "Àṣìṣe mi ni. Mi ò wo ẹ̀yìn wọn dáadáa kí n tó lẹ̀ wọ́n." Joanna mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti pe ọ̀rẹ́ òun lánàá, òun ti yin iṣẹ́ Adédìran fún un, òun á pè é padà báyìí pé kó wá ẹlòmíràn. Kò pariwo. Ó mú fóònù rẹ̀ lọ sí yàrá. Ọkọ mi ní ó yé òun. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní kí n gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ wá.

Mo fọ̀ wọ́n. Mo fi ọṣẹ ha ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbélébùú tí mo fi ọwọ́ ara mi yà, mo tún fi ọwọ́ ara mi ha á kúrò. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tò wọ́n sínú ààrò Joanna lórí iná kékeré, kí omi àti òróró tó kù lè gbẹ. Mo ti se oríṣiríṣi oúnjẹ láyé mi, mi ò yan ìlú rí. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi pé ọkọ mi dákẹ́, torí ká ní ó pariwo ni, èmi náà ìbá rí nǹkan dáhùn.

Ó ha ògiri, ó po sìmẹ́ńtì tó ń tètè gbẹ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò wọn nǹkan kan. Ọ̀kan tó kọ̀ tí kò bọ́ ní igun yẹn ló fi ṣe ìpìlẹ̀, ó ń to àwọn yòókù lé e lórí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń lọ. Ó fi gúlúù so èyí tó là. Ojú ibi tó là gba àárín àtẹ̀gùn kọjá. Agogo márùn-ún kọjá díẹ̀ nígbà tó lẹ èyí tó kẹ́yìn.

Ìyá Joanna wọlé kí a tó palẹ̀ korobá mọ́. Obìnrin kúkurú ni, ó di ọmọ rẹ̀ lápá mú. Ó dúró síwájú ògiri. Ó gbé ìka lé ọkọ̀ ojú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn tó là, kò tilẹ̀ dúró níbẹ̀, ó dé ilé kan tó ní fèrèsé kékeré, ó dúró. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè rẹ̀. Joanna bú sẹ́kún.

Nígbà tó nu ojú tán, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó ní ó rẹwà, ṣùgbọ́n kó má bínú, ní ti ọ̀rẹ́ òun, òun ò lè ṣe onídùúró fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ já lulẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Adédìran ń ká tapólì rẹ̀.

Mo ní, "Màdáámú, èmi ni."

Kò rọrùn láti ṣàlàyé òróró àdúrà fún òyìnbó tó ká apá mọ́ àyà. Ó ní, "Òróró ólífì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Lẹ́yìn gbogbo wọn?" Mo ní àfi ọ̀kan. Ó wo igun ìsàlẹ̀ ògiri. Ó wo ọkọ mi. "Ṣé o mọ̀?"

Adédìran ní, "Ìyàwó mi ni."

Joanna tún mú fóònù rẹ̀, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó gbàgbé ohun tí òun sọ láàárọ̀, kó pe Mísítà Adé ní Mọ́ńdeè.

A wà nínú mọ́tò, a ti bọ́ sórí I-285. Ọkọ mi ní, "Ta ló ní kó o sọ?" Mo ní, "Ta ló ní kí ẹ má sọ?" Mọ́tò pọ̀ lọ́nà, a ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀kan tó wà ní igun yẹn. Ṣé òróró tán ni?"

Mo ní, "Ó tán."

Ó ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo fẹ́ bínú sí i. Mo wá ìbínú mi títí a fi dé Lithonia, mi ò rí i.