Ìwé Tí Mo Kà Láti Fi Gbẹ̀san

Èmi kì í tètè gbàgbé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ mí, mo lè máa rẹ́rìn-ín sí i fún ọdún mẹ́ta, kí n máa bá a pín oúnjẹ jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú mi níbi tí mo gbé e sí. Ìyá mi máa ń sọ pé inú tí mo ní yìí, ọjọ́ kan ni yóò pa mí lára. Èmi náà máa ń fèsì pé ẹni tó bá tọ́ mi ni yóò pa lára.

Ní àárín àwọn ọdún 2010, Pordenone ní Italy ni mo ń gbé, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ara ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ̀rọ ńlá kan tó ń tẹ páànù ni wọ́n fi mí sí. Pressa ni gbogbo wa ń pè é. Àwa méjì la jọ ni ín. Obìnrin ará Íńdíà kan ń lò ó láti aago mẹ́fà àárọ̀, èmi á wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. A kì í jọ wà pọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Á nu ọwọ́, á ní "Ciao, cara," ìyẹn ni pé ó dàbọ̀, ọ̀wọ́n, èmi náà á ní "Ciao," ó parí. Nítorí náà, mo mọ ẹ̀rọ yẹn ju bí mo ṣe mọ obìnrin náà lọ.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn nígbà náà ni ọmọ mi obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọwọ́ ìyá mi ló wà ní Abẹ́òkúta, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti fojú kàn án kẹ́yìn. Obìnrin tó ń bá wa kọ ìwé ní patronato, ọ́fíìsì tó ń ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ti là á yé mi pé bí ọmọ náà bá ti pé ọdún méjìdínlógún, ọ̀nà ti dí nìyẹn, kò lè tọ ìyá rẹ̀ wá mọ́. Kí n tó lè kọ̀wé pè é, ó ní kí n mú contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, tí kò ní ọjọ́ ìparí wá. Ọ̀gá wa sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí mo bá dúró lórí pressa títí di Oṣù Kìíní, wọn yóò fún mi. Oṣù Kẹrin ni ọmọ mi yóò pé ọdún méjìdínlógún. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan ní ìparí Oṣù Kẹwàá. Àwọn ará Íńdíà ti ṣe ọdún ìmọ́lẹ̀ wọn lánàá ọjọ́ náà. Mo dé ibi iṣẹ́, mo bá okùn pupa tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ pressa, mo rí lẹ́bú pupa tí wọ́n fi ìka kan tọ́ sára irin, àti hóró ìrẹsì bíi mẹ́wàá nílẹ̀. Mo bi obìnrin náà pé kí nìyẹn. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, bí wọ́n bá ti ṣe ọdún ìmọ́lẹ̀ tán, wọ́n máa ń fọ irinṣẹ́ tó ń bọ́ wọn, wọ́n á kí i, wọ́n á sì kí Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ohun gbogbo. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń fún mi ní ẹ̀bùn. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mí o, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Padova. Ṣé èmi ni n ó wá máa fi ọwọ́ mi méjèèjì di òrìṣà mú láti aago méjì títí di aago mẹ́wàá? Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé okùn náà, mo sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí. Mo yọ ìgò òróró àdúrà mi, mo sì dà á sórí ẹ̀rọ náà títí ó fi ń kán. Mi ò mọ̀ pé ó ti ṣàn dé ojú kékeré tó ń ṣọ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́ kí pressa má bàa gé e. Kò pé wákàtí kan, ẹ̀rọ dákú. Mẹkáníìkì tú u, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn ìka náà, ó ní: "Ma questo è olio d'oliva!" Òróró ólífì ni! Títí a fi lọ sílé lọ́jọ́ náà, pressa ò tẹ páànù kan mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fún mi ní lẹ́tà. Ó ní èmi ni mo da òróró sórí ẹ̀rọ, ó sì ní kí n kọ àlàyé mi wá láàárín ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé mi kúrò lórí pressa lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ páànù. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí kà nínú rẹ̀ ni pé ẹnì kan ti ta mí. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ta ló ń wá okùn rẹ̀? Mo ní n kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí n ó fi ṣe obìnrin yẹn bó ṣe ṣe mí. Mo ti lẹ́tà bọ ìsàlẹ̀ báàgì.

Àdúrà ni mo kọ́kọ́ gbà, irú èyí tí à ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n àdúrà máa ń lọ bá èèyàn níbi tí a kò ti ní rí ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ gan-an sì ni mo fẹ́ rí. Mo wá bi ara mi pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Orí àti ẹsẹ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohun tí o kò bá lè fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn wá, o ti pàdánù nìyẹn, kódà kó jẹ́ pásítọ̀. Mo ní ìwé àwọn baba rẹ̀ gan-an ni n ó fi mú un.

Bàbá ará Íńdíà kan wà tí wọ́n ń wa muletto, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù nínú ilé-iṣẹ́. Irun wọn ti funfun, gbogbo èèyàn ló ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Mo lọ bá wọn ní àkókò ìsinmi, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ló wà nínú ìwé yín pé kí ẹ máa so okùn mọ́ ẹ̀rọ?"

Ojú wọn tàn yòò. Wọ́n ní kò síbì kankan. Wọ́n ní ní ilé bàbá àwọn, ẹnikẹ́ni kì í forí balẹ̀ fún ère, iná àti ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni wọ́n fi ń sin Ọlọ́run. Wọ́n ní nínú àwọn orin àtijọ́, àwọn baba ńlá yin iná, wọ́n yin ẹ̀fúùfù àti oòrùn, wọ́n tilẹ̀ yin Ẹni tó ṣe ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fi lẹ́bú kun irin. "Àwọn ìyá àgbà ló fi kún un," wọ́n ní. "Tutto aggiunto dopo." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ wọn. Wọ́n rán mi létí alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó máa ń sọ lọ́dọọdún pé kò síbi tí wọ́n kọ Kérésìmesì sí.

Wọ́n dárúkọ ìwé kan fún mi. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a jáde ìsìn ní Padova, mo rí i lédè Italy lórí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé àlòkù nítòsí ibùdó tram. Mo rà á, mo kì í bọ inú báàgì pẹ̀lú ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú ọkọ̀ ojú irin, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, bí ẹni tó ń wá òkúta tí yóò sọ.

Ìwé náà ò jẹ́ kó rọrùn fún mi. Òfin ni mo ń wá, ìbéèrè ló kún inú rẹ̀. Ta ni ń wòran láti inú ojú? Ta ni ń gbọ́ láti inú etí? Bí o bá ní ìwọ ni, ìwọ wo? Ó ń sọ lóríṣiríṣi ọ̀nà pé èèyàn lè ka gbogbo ìwé ayé tán kó má sì mọ ara rẹ̀. Mo fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀ nígbà méjì, mo sì kọ orúkọ obìnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún inú lẹ́tà ti kọjá kí n tó ka ìwé náà dé ìdajì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú Oṣù Kọkànlá, mo tètè dé. Mensa, ibi tí a ti ń jẹun, kún fún àwọn tó ń lọ sílé àti àwọn tó ń bọ̀ wá síbi iṣẹ́. Obìnrin náà jókòó láàárín àwọn ará ìlú rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀fọ́. Mo gbé ìwé náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀.

"Ecco," mo ní. "Ìwé yín rèé. Fi ibi tí wọ́n kọ okùn pupa sí hàn mí. Orí wo? Ẹsẹ wo?"

Ó wo ìwé, ó wò mí. "Ìyá ìyá mi ló kọ́ mi," ó ní. "Wọn ò mọ̀wé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n fi tọ́ wa. Wọn kì í fọwọ́ kàn án láàárọ̀ láìkọ́kọ́ kí i."

"Mi ò béèrè ìyá ìyá ẹ. Ìwé ni mo béèrè."

"Ha ragione, òótọ́ ló sọ," bàbá onímuletto sọ láti orí ìjókòó wọn. "Kò sí níbẹ̀." Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lórí tábìlì náà bú sẹ́rìn-ín.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ìwé tó o gbé wá yìí ní Ọ̀kan náà ló wà nínú ohun gbogbo. Ṣé ó yọ pressa sílẹ̀ ni?"

Ohùn ńlá ni mo fi fèsì. Mo pariwo pé abọ̀rìṣà tí kò mọ ìwé ara rẹ̀ ni, pé kò mọ ara rẹ̀ pàápàá, pé ọ̀dàlẹ̀ tó ń ta ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀gá ni. Nígbà tí mo dé orí ọ̀dàlẹ̀, ó gbójú sókè, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Mo ní ẹ̀bi ló ń dà á láàmú.

Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ará Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Capitolo, orí ìwé, bó bá ti ń kọjá. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ kúrò ní mensa, ó ń dá jẹ ẹ́ níbi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Bí mo bá sì ti kọjá níbẹ̀, mo máa ń fi ohùn dídùn kí i: "Ciao, cara." Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀san ò dùn, wọn ò tíì tọ́ ọ wò dáadáa ni. Inú omi tútù ni ọwọ́ mi ń wà látọ̀sán dalẹ́ lọ́dọ̀ àwọn páànù tí mò ń fọ̀, síbẹ̀ mò ń kọrin.

Oṣù Kìíní dé, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n fún ní contratto mọ́ ògiri. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Mo fi ìbínú wọ ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo ní ará Íńdíà yẹn ló fi mí sùn, pé ó kórìíra mi nítorí ìgbàgbọ́ mi, pé kí wọ́n pè é wá kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Ọ̀gá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ṣí fáìlì kan, ó sì yọ foglio kan jáde, ìwé tí olúkúlùkù wa máa ń kọ ohun tó bá ṣe sí ẹ̀rọ sí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á. "Ho messo olio santo sulla macchina," mo ti da òróró mímọ́ sórí ẹ̀rọ, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìkọ̀wé mi ni. Mo sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ gàdàgbà.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Bí mo ṣe da òróró náà tán, kí ẹ̀rọ tó dákú rárá, ni mo ti kọ ọ́. Ọmọ Ọlọ́run kì í fi nǹkan pamọ́, mo ní. Ká sọ òótọ́, mo kọ ọ́ kí obìnrin náà lè kà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó lè dùn ún. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

"Ṣé òun ò sọ nǹkan kan?" mo bi ọ̀gá.

"Niente, kò sọ nǹkan kan," ó ní. "Signora, ọjọ́ márùn-ún lo ní. A retí ẹ. Ká ní o kọ ìlà méjì péré wá, pé o ò mọ̀, pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, à bá ti dá ẹ padà sórí pressa lọ́sẹ̀ yẹn. O ò kọ nǹkan kan."

Mo dúró de obìnrin náà ní aago méjì. Ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó rí foglio yẹn.

"Certo. Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á, láàárọ̀ ọjọ́ kejì."

"Kí ló wá dé tó ò sọ fún mi? Lọ́jọ́ tí mò ń bú ẹ ní mensa, kí ló dé tó ò sọ?"

Kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀. "O gé okùn ìyá ìyá mi," ó ní, "o sì tún fi ìwé mi nà mí lójú gbogbo ayé. Mo wò ẹ́, mo ní, obìnrin yìí mọ̀wé kà. Ẹ jẹ́ kó máa kà á lọ." Ó gbé báàgì rẹ̀. "Ciao, cara."

Mi ò sọ fún un rí pé mo lọ́mọ, nítorí náà kò lè mọ ohun tó wà nínú ọjọ́ márùn-ún yẹn. Bínú ni mo ṣì ń bínú sí i. Mo tún ń bọ̀wọ̀ fún un, nítorí pé mo mọ ẹ̀san bí mo bá rí i, tirẹ̀ sì pé ju tèmi lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Bergamo, a ò sì ríra mọ́.

Nínú Oṣù Kẹrin, ọmọ mi pé ọdún méjìdínlógún. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó pè mí lórí fóònù, mo sì sọ fún un pé kò ní lè wá mọ́. Ó wá ní, "Mummy, ta ló bà á jẹ́?"

Mo mọ ìdáhùn. Mo ti ka odidi ìwé kan lórí irú ìbéèrè yẹn. Mo la ẹnu mi, mo ní, "Obìnrin ará Íńdíà kan ni, níbi iṣẹ́."

Ọmọ mi ti wà nílé ọkọ báyìí, ó ti bímọ méjì. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, a máa ń jọ gbàdúrà lórí fóònù, kò sì tíì gbàgbé obìnrin yẹn rí. Inú tèmi ló jogún. Ó máa ń gbé ohùn sókè pé ẹni tó yà á nípá kúrò lára ìyá rẹ̀, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kó ní ìsinmi láyé, kó má sì ṣe jẹ́ kó rí ọmọ rẹ̀ sójú bí òun kò ṣe rí ìyá òun. Á wá dákẹ́, á retí mi. Mo sì máa ń ṣe àmín.