Blíìsì Nínú Adágún Ẹ̀yìnkùlé Mi

Ọpẹ́ ni fún Allāh, Ẹni tó fún mi ní ilé tó ní ẹ̀yìnkùlé ní Peckham nílùú òyìnbó, tó sì kó mi níjàánu lọ́jọ́ tí ó kù díẹ̀ kí n bú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, iléeṣẹ́ omi ní a ò gbọdọ̀ fi rọ́bà bomi rin ọgbà mọ́. Kò dùn mí. Mo ní adágún kékeré kan lẹ́yìn ilé. Omi òjò ọdún tó kọjá ló kún inú rẹ̀, ó ti di àwọ̀ ewé, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sì ń gbé ibẹ̀. Bí mo bá ti kírun àsùbá tán, mo máa ń fi garawa bu omi rẹ̀ sí ìdí tòmátò àti tẹ̀tẹ̀ mi. Ewé tàwọn aládùúgbò ti rọ, tèmi ń dán.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n wo adágún, wọ́n yínmú.

"Ìyàwó, ṣé omi yìí lo fi ń bomi rin ohun tí àbúrò mi ń jẹ?"

"Àǹtí, ilẹ̀ ló ń mu ún, kì í ṣe àwa."

Ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, òórùn blíìsì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí ti da ìgò méjì rẹ̀ sínú adágún, bí wọ́n ṣe máa ń da oògùn sí kànga ilé wọn kó lè mọ́. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti kú, wọ́n léfòó.

"Wò ó bó ṣe mọ́! O ò tiẹ̀ ní dúpẹ́?"

"Ẹ ti ba omi mi jẹ́, Àǹtí! Bí mo bá da èyí sí tòmátò, á jó gbẹ."

"Torí tòmátò lo ṣe ń pariwo mọ́ mi? Ṣé wọn ò tà á lọ́jà Rye Lane ni?"

Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù, pé àgbà ni wọ́n. Sùúrù! Ta ló ní kí Àǹtí ṣe sùúrù kí wọ́n tó ṣí ìgò? Ṣé béèyàn bá ti dàgbà, kò gbọdọ̀ béèrè mọ́ ni?

Nígbà tí Àǹtí fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrun alásárì, tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi gbàgà, mo gbé abọ́ ńlá kan síwájú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú èyí ni kí ẹ máa ṣe é sí. Òun ni mo máa gbé lọ sí ọgbà."

"Ṣé ìyà lo fẹ́ fi jẹ mí ni?"

"Tòmátò ni ìyà ń jẹ, Àǹtí."

Àǹtí ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi abọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é títí wọ́n fi padà sílé, wọn ò sì fìgbà kan sọ pé kí n má bínú. Tẹ̀tẹ̀ kú. Tòmátò yè é. Inú ṣì ń bí mi.

Ìwọ tó ń kà á, kí Allāh má jẹ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ pa ohun tí o gbìn, kó sì fi àwọn tó ń béèrè kí wọ́n tó ṣe nǹkan yí ọ ká.