Àtàǹpàkò Mi àti Wáìnì Funfun Àwọn Ará Faransé

Ọjọ́ tí ọkùnrin onífìlà ńlá yẹn gbé ìgò mẹ́fà wá láti Mansfield, ìlú kan nítòsí Dallas, ọ̀rọ̀ kan já bọ́ lẹ́nu mi tí ẹsẹ̀ mi fi fẹ́ sá. Ara mi ni kò tẹ̀ lé e.

Ilé ìtajà wáìnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Dallas. Èmi ni mò ń to ìgò sínú yàrá tútù, bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ inú ò jẹ́ kí n fẹnu kan wáìnì rí. Kí n tó dé Amẹ́ríkà, ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ni mo wà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ìwé yòókù, títẹ̀ ni mo ń tẹ̀ wọ́n.

Fọláṣadé, ọ̀gá mi tí mo fi ogún ọdún jù lọ, tó sì ń pè mí ní Àǹkù, ló ń ra ìgò àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn jọ. Wáìnì funfun láti oko ìdílé kan ní Faransé ni ọkùnrin náà gbé wá. Ìgò díẹ̀ ni ìdílé náà ń ṣe lọ́dún, àwọn olówó a sì máa wá a bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Fọláṣadé gbé ọ̀kan lára tiwa tó ti oko kan náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: àwọ̀ dọ́gba, lẹ́tà dọ́gba. Ó mú bírò láti buwọ́ lùwé.

"Àǹkù, ẹ bá mi gbé wọn wọlé."

Mo gbé àkọ́kọ́. Àtàǹpàkò mi yọ̀ lórí bébà ara rẹ̀ bí ẹni fọwọ́ pa orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

"Fọláṣadé," ohùn mi ń gbọ̀n bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa, "ayédèrú ni."

"Àǹkù! Ẹ̀yin tí ẹ ò tọ́ ọ wò rí?"

"Bébà ni mò ń sọ, kì í ṣe wáìnì."

Ọkùnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ojú wa. Ó sún mọ́ wa.

"Tí ẹ bá ṣì í," Fọláṣadé sọ wúyẹ́wúyẹ́, "iṣẹ́ àwa méjèèjì lọ nìyẹn."

Ǹ bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà, ó ti jáde. Mo ní kí Fọláṣadé dijú. Mo gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sórí ìgò tiwa. Lẹ́tà òjé, irú èyí tí a ń lò ní Ṣómólú, ni wọ́n fi tẹ bébà rẹ̀. Òjé a máa jẹ bébà wọnú, ọwọ́ a sì bá kòtò kéékèèké níbẹ̀. Mo wá gbé e sórí tọkùnrin náà. Ó jọ̀lọ̀, kò sí kòtò kankan. Ojú Fọláṣadé là fúnra rẹ̀.

Ó pe oko náà ní Faransé lójú ẹsẹ̀. Ìyá àgbà tó ni ín sọ pé ẹ̀rọ bàbá bàbá òun ni àwọn ṣì fi ń tẹ bébà ara ìgò. Bí kò bá sí kòtò, kì í ṣe tàwọn.

"Ta ló mọ̀ ọ́n?" màmá náà béèrè.

"Àǹkù mi ni."

"Bá mi kí ọwọ́ rẹ̀."

Nígbà tí Fọláṣadé ṣàlàyé fún ọkùnrin náà, ó ṣí fìlà. Ó ní wọ́n ti lu òun náà ní jìbìtì. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ títí àtàǹpàkò náà fi fẹ́ yẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìgò àtijọ́ kankan kì í wọlé àfi tí Fọláṣadé bá pè: "Àǹkù, ẹ wá fọwọ́ bà á!" Màá rọra jáde bíi dókítà àgbà. Àwọn oníbàárà tó ń fi imú gbóòórùn wáìnì á dá imú dúró, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi.