"Ẹ Ṣé" Tó Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Láti kékeré ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti rọ, ọ̀pá ni mo sì fi ń rìn. Ní Ìkàrẹ́ tí mò ń gbé, n kò lè jáde kí èèyàn bíi mẹ́wàá má kí mi ní "pẹ̀lẹ́". Èmi náà á ní, "ẹ ṣé." Ó ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé n kì í fetí sí ohun tí wọ́n bá sọ tẹ̀ lé e mọ́.

Ohun tó kó bá mi nìyẹn lọ́jọ́ tí iléèwé aládàáni kan ní Ọ̀kà pè mí wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n ń wá. Láti ìgbà tí mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, n kò tíì rí iṣẹ́. Nínú mọ́tò, àyà mi ń já pé mo máa pẹ́. Ó tún ń já pé bí mo bá tètè dé jù, wọn á ti wo ìrìn mi tán kí n tó la ẹnu.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá náà wà. Màmá kan tó jẹ́ akọ̀wé gba orúkọ mi nísàlẹ̀, wọ́n wo ọ̀pá mi, wọ́n wo àtẹ̀gùn.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àtẹ̀gùn yìí á ni ọ́ lára. Máa lọ sílé, a ó pè ọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Màmá fi bírò fa ìlà pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé tó wà níwájú wọn.

Mo ti dé ẹnu géètì kí n tó mọ ohun tí mo gbà. Ojú tì mí, inú bí mi, síbẹ̀ mò ń rò ó pé màmá kò ní ibi lọ́kàn, ìrònú yẹn ló sì fẹ́ gbé mi délé. Mo mọ òfin tó ní wọn kò gbọdọ̀ torí àbùkù ara fi iṣẹ́ du èèyàn. Mo ti kà á lórí fóònù mi títí. Bí wọ́n ṣe ń ka òfin sí ẹni tó tó ìyá ẹni létí ni n kò mọ̀.

Mo padà, mo tẹríba. "Ẹ má bínú, mà. Pẹ̀lẹ́ tí ẹ kí mi ni mo dá lóhùn, n kò gbà láti lọ sílé. Òfin ò gbà kí wọ́n torí ẹsẹ̀ dá mi padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá kí wọ́n sọ̀kalẹ̀."

"Òfin kẹ̀? Ṣé mo bú ọ ni?"

Mo ní wọn ò bú mi. Màmá gòkè lọ, wọ́n pẹ́, ó sì ń ṣe mí bíi kí n sá.

Ọ̀gá méjì sọ̀kalẹ̀ wá, wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí n ó ṣe kọ́ ọmọdé ní ìṣirò ìdá, bí ìdajì àti ìdá mẹ́rin. Mo sọ̀rọ̀ jù.

Wọn kò tíì pè mí. N kò mọ̀ bóyá òfin ló mú wọn sọ̀kalẹ̀ tàbí àánú. Àmọ́ mo ti ń kọ lẹ́tà tí n ó fi béèrè fún kíláàsì tó wà nísàlẹ̀ ilé, tí n kò ní gun àtẹ̀gùn dé, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì gbà mí síṣẹ́.