Ìdérí Bọ́ọ̀tù Ìjàpá Bàbá Mi

Adùn tíì yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu mi títí di òní. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀, mílíìkì rẹ̀ sì ki, ṣùgbọ́n nǹkan kan léfòó sójú rẹ̀ tó ń dán bí ìgbà tí epo ọkọ̀ bá kán sínú àgbàrá. Bẹ́ǹṣì obìnrin alátíì kan ní Okokomaiko ni mo jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀. Mo ní bóyá mílíìkì rẹ̀ ni kò dára. Mo mu ún tán, mo tún ní kí alátíì bu díẹ̀ sí i.

Nítorí bàbá mi ni mo ṣe débẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ará Èkìtì tó ń gbé ní Ìbà, wọ́n sì ní ọkọ̀ àtijọ́ kan, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí bọ́ọ̀tù rẹ̀ wà níwájú. Ní gbogbo Sátidé, òun ni wọ́n fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bọ̀ láti oko kékeré wọn. Àìsàn rọpárọsẹ̀ wá mú wọn. Wọ́n gbádùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì wọn kò lè gbé nǹkan mọ́. Agbára àtidi sítíárì mú nìkan ló kù sí i. Sìpíríìngì tó ń gbé ìdérí bọ́ọ̀tù dúró sì ti dógùn-ún, ó ti rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù sí i gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan gbé ìdérí náà sókè, kó fi èkejì kó ẹrù. Bàbá mi a máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọ́wọ́ fi ń mọ́. Ọ̀tún tèmi ti wá ń dá wẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká ta kinní yìí.”

Bàbá mi ní, “Ọjọ́ tí mo bá ń bẹ èèyàn kí n tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ sọ pé mo ti kú.”

Mo wá ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé màá yọ sìpíríìngì náà kúrò, màá fi ṣọ́ọ̀kì onígáàsì rọ́pò rẹ̀, irú èyí tó máa ń ti ìdérí sókè fúnra rẹ̀. Akọ̀ròyìn ni mí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn oníjìbìtì lẹ́nu wò tí òógùn bò wọ́n. Ta ló fẹ́ tà mí ní gbàńjo? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Mo mú mẹkáníìkì bàbá mi dání. Ọlọ́jà na ṣọ́ọ̀kì méjì sí mi. “Ọ̀gá mi, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò! Ẹ fi àyà tì í! Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń bá yín jà?” Lóòótọ́, ó bá mi jà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ní oòrùn ni. Mẹkáníìkì gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó kó wọn sínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mẹkáníìkì jó etí irin mọ́ ara ọkọ̀, ó de ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọn. Bàbá mi fa ìdérí náà díẹ̀, ó sì gbéra sókè jẹ́ẹ́jẹ́. “Ẹ wò ó, ó ń kí mi!” Wọ́n pa á dé, wọ́n ṣí i, wọ́n tún pa á dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dá ọwọ́ rẹ̀ padà fún. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà nígbà náà, oòrùn a sì máa pa ọkọ̀ náà láti àárọ̀ dalẹ́.

Àárọ̀ Sátidé tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ni ìdérí náà já lu ọwọ́ ọ̀tún wọn. Èmi kò sí nílé. Aládùúgbò wa, olùkọ́ yunifásítì kan, ló sọ ọ́ fún mi: “Mo kàn gbọ́ gbà! Mo rò pé géètì ni. Dádì ò pariwo o. Wọ́n kàn ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí.’” Ọwọ́ tó dáa wà lábẹ́ irin, ọwọ́ tó rọ kò lè gbé e kúrò. Òjò ń pa wọ́n lọ níbẹ̀ títí aládùúgbò náà fi jáde. Ìka méjì ló ṣẹ́.

Nígbà tí mo padà sí Okokomaiko, ọlọ́jà kò tíì dé. Obìnrin alátíì ni mo ro ẹjọ́ fún. Ó wò mí tàánútàánú.

“Bọ̀dá, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Èyí tí gáàsì rẹ̀ bá ti ń tán, omi gbígbóná ni wọ́n ń bọ̀ ọ́ sí kí oníbàárà tó dé. Tó bá gbóná, á le bí ọ̀dọ́. Tó bá ti tutù, ó darúgbó nìyẹn.”

“Omi gbígbóná wo?”

Ó fi ẹnu júwe ìkòkò tó wà lórí iná. “Tèmi yìí náà kẹ̀. Oníbàárà mi ni, mi ò lè ní kó má bọ̀ ọ́. Irin ṣá ni, Bọ̀dá, ó máa ń nù ún kó tó kì í bọ̀ ọ́.”

Mo rántí ohun tó ń dán lójú tíì mi. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni mo sáré lọ, mo bì títí omi ojú mi fi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́jà ṣe dé bá mi. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ gbé ọkọ̀ sínú òjò. Ẹ bá ti da omi gbígbóná díẹ̀ sí i láàárọ̀, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.” Mẹkáníìkì, nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò tiẹ̀ gbórí sókè nídìí iṣẹ́ rẹ̀: “Gbogbo ọjà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Mo rò pé ẹ mọ̀.”

Mo ti rí olè tó purọ́, mo ti rí èyí tó sunkún. Àwọn wọ̀nyí kò purọ́, wọn kò sì sunkún. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, ìyẹn ló ń rí mi lára ju epo tí mo mu lọ. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbẹ̀, itọ́ ni mo máa ń tu.

Sìpíríìngì tuntun la padà fi sí i. Ìka bàbá mi ti jiná, ó kàn wọ́ díẹ̀ ni. Wọ́n ṣì ń wa ọkọ̀ wọn lọ sóko, ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ kan ìdérí yẹn mọ́. Bí wọ́n bá ti oko dé, wọ́n á fara ti iwájú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà, títí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń lọ sí Iyana-Iba yóò fi kọjá. “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi gbé e.” Ìṣẹ́jú kan kì í pé tí ọmọ náà fi ń gbé e. Láti ojú fèrèsé, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà á ti rìn jìnnà, wọ́n á ṣì máa dúpẹ́.