Èèyàn Mẹ́rin Tó Já Bọ́

Ara-ò-balẹ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì ní ilé ìwòsàn ojú náà. Tó bá ti ilẹ̀kùn, á padà wá dì í mú wò lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló fi Páítọ̀nì, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ètò tó ń fi ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn aláìsàn: lísítì orúkọ kan, lísítì ọjọ́ kan, àṣẹ tí wọ́n ń pè ní zip á wá so wọ́n pọ̀ ní méjìméjì bíi síìpù aṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bàbá káfíńtà kan táràrà wọlé. Ó ní ọjọ́ kan náà lòun àti aládùúgbò òun forúkọ sílẹ̀; onítọ̀hún ti ń ríran, òun ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Obìnrin náà ṣí lísítì méjèèjì. Orúkọ ogójì, ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì. Ibi tí lísítì tó kúrú ti tán ni síìpù dúró sí, kò sì pariwo. Èèyàn mẹ́rin ti já bọ́ láti oṣù méjì.

Ó sáré gba ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ dókítà, ó so wọ́n mọ́ orúkọ mẹ́rin náà. Kó lè dá a lójú, ó ní kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kà wọ́n. Mẹ́rin pé. Ó ránṣẹ́. Fóònù bàbá ò dún. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde, kó tó rántí pé ohun tí síìpù bá so, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tò kọjá. Kíkà yẹn ti kó gbogbo wọn lọ, kò sì ṣẹ́ ku èyí tó máa ránṣẹ́. Ó tún wọn so, ó dà wọ́n sínú lísítì, èyí tí kíkà kì í kó lọ, kó tó kà wọ́n, ó sì ránṣẹ́.

Fóònù bàbá dún. Obìnrin náà ló ka ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un: Ọjọ́bọ̀.

Àwọn méjì mìíràn fèsì. Ìyá kan tó jẹ́ télọ̀ ò fèsì, ni Ara-ò-balẹ̀ bá wá a lọ sílé. Aṣọ ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá náà. Ó ti kó iṣẹ́ oníbàárà fún ẹlòmíì.

“Mo rò pé ojú mi ti kọjá àtúnṣe ni ẹ ò fi pè mí,” ló wí jẹ́jẹ́.

Ara-ò-balẹ̀ kúnlẹ̀. “Ẹ̀bi mi ni, mà. Ojú yín ṣeé tún ṣe.”

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́sẹ̀ kejì. Ìyá padà sídìí ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníbàárà kan ò padà mọ́.